Èéfín Nàìjíríà: Ó Kú Ni, Ó Ṣí Lọ Ni, àbí Ìwé Ló Yí?

  

Lẹ́tà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ránṣẹ́ sí mi nítorí àjọ̀dún yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ àti ọrọ̀-ajé Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ibì kan níbẹ̀. Ibi tí mo mú ni ìwé ìṣirò èéfín, ìwé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bí gáàsì amáyégbóná tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ṣe pọ̀ tó, iṣẹ́ tó mú un jáde, àti bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá, àmọ́ ó ní ẹnu mẹ́ta. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní èéfín wa ti dínkù, ó yẹ kí a bi wọ́n pé: ó kú ni, ó ṣí lọ ni, àbí ìwé ló yí?

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Èéfín tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tó ń ta wá lójú nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn gáàsì yìí, ojú kì í rí wọn. Kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì ni àgbà láàárín wọn: òun ló ń jáde níbi tí a bá ti sun epo, gáàsì, èédú tàbí igi. Mẹ́tẹ́ènì ń ti ikùn màlúù wá, ó ń ti ilẹ̀ ìrẹsì tí omi dúró sí wá, ó ń ti ààtàn àti páìpù tó ń jò wá. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ máa ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 28 ti kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀kẹta, náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì, inú ajílẹ̀ tí a dà sóko ló ti ń wá jù. Àwọn oníṣirò á sọ gbogbo wọn di iye kan, wọ́n á wá pín in fún ẹ̀ka iṣẹ́ tó ni ín.

Ìwé tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2021 sọ pé èéfín tí Nàìjíríà tú sáfẹ́fẹ́ ní 2018 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 347. Ẹ̀ka agbára, ìyẹn epo, gáàsì, iná mànàmáná, ọkọ̀ àti ìdáná, ló ni nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Oko àti igbó ní ìdá 25, ààtàn àti omi ìdọ̀tí ní 9, ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi ti sìmẹ́ǹtì ní 5.

Kí ni ìwúlò pínpín yìí? Ẹ ro ilé alágbàálá tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo mítà iná kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí bíìlì bá dé, ìjà kì í ṣe lórí iye owó nìkan. Ta ló ní fíríìjì? Ta ló ń ta omi tútù? Ta ni kì í sí nílé? Bí a kò bá pín in bó ṣe yẹ, ẹni tó ní gílóòbù kan á máa san owó ẹ̀rọ amúlétutù ẹlòmíràn. Bó ṣe rí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà nìyẹn. Bí ẹ bá fi iye èèyàn Nàìjíríà pín mílíọ̀nù 347 yẹn, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́dún kò tó tọ́ọ̀nù méjì. Ti ará Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀bi ni mo wá dá wa. Bíìlì ni mo fẹ́ kà.

Iná tí kì í kú

Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ní 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ tà lókè òkun. Epo rọ̀bì kì í dá rìn. Gáàsì máa ń bá a jáde láti inú ilẹ̀. Epo ní oníbàárà, gáàsì kò ní, nítorí náà wọ́n na páìpù sókè, wọ́n ṣáná sí i, ó sì ń jó tọ̀sán-tòru. Àwọn abúlé kan wà ní Niger Delta tí òru kì í ti í ṣú dáadáa. Lágbègbè Ughelli, àwọn obìnrin a máa sá kpokpo gàrí sí ẹ̀bá iná náà kó lè tètè gbẹ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ìjọba ṣe òfin ní 1979. Ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun gáàsì dànù mọ́ bí mínísítà kò bá fọwọ́ sí i. Ibi ìfọwọ́sí yẹn ni òfin náà ti jò. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ́kọ́ bù lé e jẹ́ kọ́bọ̀ méjì lórí ẹgbẹ̀rún kúbíìkì fíìtì. Kọ́bọ̀ méjì, ẹ̀yin ará! Ilé-iṣẹ́ wo ló máa ná àìmọye mílíọ̀nù dọ́là sórí páìpù nígbà tí ìtanràn rẹ̀ kò tó owó tíì àwọn akọ̀wé wọn? Ní 1998, wọ́n sọ ọ́ di náírà mẹ́wàá. Iná ń jó. Lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá 2005, ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ nílùú Benin dá ẹjọ́ tí Jonah Gbemre pè lórúkọ àwọn ará Iwherekan. Adájọ́ ní sísun gáàsì dànù lòdì sí ẹ̀tọ́ tí ọmọ èèyàn ní láti wà láàyè. Ẹjọ́ náà dùn ún gbọ́. Iná ń jó.

Síbẹ̀, ẹ wo bí iye náà ṣe wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà nínú rẹ̀ yìí, gáàsì tí a ń sun dànù lọ́dún ju bílíọ̀nù kúbíìkì mítà 20 lọ. Ní 2022, ó ku díẹ̀ lé ní 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tún gbéra díẹ̀ láti ìgbà náà. Kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kan lè fi pamọ́ mọ́, nítorí sátẹ́láìtì ń ka iná náà láti ojú ọ̀run lóru. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà: afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Kí ló mú un wálẹ̀? Lójú tèmi, oníbàárà ló pa púpọ̀ nínú iná náà, adájọ́ kọ́. Ní 1999 ni ilé-iṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di olómi ní Bonny kó ọjà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ni ohun tó ti ń jó dànù bá di ohun tí Sípéènì àti Pọ́túgà ń rà. Páìpù láti Escravos gbé òmíràn wá sí ilé-iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí náà ń kó ipa: Itoki, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ni páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì bọ́ sínú òkun, ó ń gbé gáàsì lọ sí Kútọnu, Lomé àti Gánà. Ìtanràn pàápàá kò ní láárí títí di 2018 tí wọ́n sọ ọ́ di dọ́là: dọ́là méjì fún àwọn tó ń wa epo púpọ̀, lórí ìwọ̀n gáàsì kan náà tó jẹ́ kọ́bọ̀ méjì látijọ́.

Ó wá kan ìbéèrè wa. Ṣé èéfín yẹn kú? Apá kan kú lóòótọ́, ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti pa irú iná bẹ́ẹ̀ á jẹ́rìí. Apá kan ṣí lọ. Gáàsì tí wọ́n fi se oúnjẹ ní Lisbon ń tú kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì síbẹ̀, inú ìwé Pọ́túgà ló sì wà. N kò rí ìyẹn bí ibi, nítorí iná tó se oúnjẹ sàn ju iná tó jó lásán. Apá kẹta ni mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún. Ní 2022, olè jíjà pọ̀ lórí páìpù epo débi pé epo tí a ń wà já wálẹ̀ gidigidi. Níbi tí epo kò bá ti jáde, gáàsì kì í jó. Èyí tí wọ́n jí, inú igbó ni wọ́n ti ń sè é nínú àgbá, èéfín dúdú rẹ̀ sì ń bọ́ sórí aṣọ tí àwọn ará Port Harcourt sá. Kò sí ìwé tó ka ìyẹn bó ṣe yẹ.

Láti èédú dé jẹnẹrétọ̀

Èédú inú ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé agbára wọ ilẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá tó dé Ìbàdàn ní 1901, èédú òkè òkun ló kọ́kọ́ ń jẹ kí ti Enugu tó dé. Ilé-iṣẹ́ iná Ìjọ́rà ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, èédú ló ń jó. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé bá ibi ìwakùsà, ọkọ̀ ojú irin bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì, omi Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ ní 1968. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi èédú sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ayé ń gbóná. Gẹ̀ẹ́sì tó gbé èédú wá bá wa, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024 ló tó pa ilé-iṣẹ́ iná oníèédú tó kù sí i lọ́wọ́. Àmọ́ òun fi òfin àti owó orí lórí kábọ́ọ̀nù lé èédú jáde, àwa ò lé e. Ó kàn bọ́ lọ́wọ́ wa ni.

Lónìí, gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná wa wá, omi ló tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ pé iná yẹn ń tó wa lò ni, ìṣirò ì bá rọrùn. Àmọ́ nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000 ni ó ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó ju igba mílíọ̀nù lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé ẹjọ́, báńkì, ilé ìwòsàn, onígẹrígẹrí, aránṣọ, ẹlẹ́ja yìnyín: oníkálùkù di ilé-iṣẹ́ iná fún ara rẹ̀. Nínú ìwé, èéfín ilé-iṣẹ́ iná ńlá rọrùn láti kà, nítorí ó ní ẹnu ọ̀nà kan. Ti jẹnẹrétọ̀ fọ́n káàkiri, nítorí pé alágbàtà epo kì í béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ọkọ̀ la fẹ́ da bẹntiróòlù sí tàbí jẹnẹrétọ̀.

Ìtàn bẹntiróòlù yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 wọ 500. Lẹ́yìn náà, iye lítà tí àwọn aláṣẹ ní orílẹ̀-èdè ń lò lójúmọ́ já wálẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní ẹ ò rí i, èéfín ti dínkù. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Ṣakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, léèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí Nàìjíríà fi owó ìrànwọ́ rà ń gba ẹnubodè kọjá lórí alùpùpù àti nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń tà á nínú ìgò létí ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní kpayo. Alùpùpù tó ń gbé èrò ní Kútọnu ń tú èéfín sí ojú ọ̀run Benin, ìwé ìṣirò Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí pé ìwé ń tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ní wọ́n ti lo epo. Nígbà tí owó ìrànwọ́ lọ, kpayo gbówó lórí lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á pa àgbá wọn dé. Apá kan nínú èéfín tó "dínkù" ní Nàìjíríà kò fìgbà kan jẹ́ ti Nàìjíríà rí.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni. Àwọn tó ní agbára ti ń gbé pánẹ́lì sólà sórí òrùlé, àwọn tí kò ní sì ń sùn nínú òkùnkùn. Ìwé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ní ti ọkọ̀, tòkunbọ̀ ló ṣì kún títì, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń sáré láti Èkó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn láti 2021, ti Èkó tó ń lo iná mànàmáná sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin kò wọ dánfó lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí èéfín tó kú.

Sìmẹ́ǹtì

Kò jìnnà síbí: Ewékorò, tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, àti Ìbẹ̀sẹ̀, tó dé ní 2012. Bí wọ́n bá ń sun òkúta ẹfun láti ṣe sìmẹ́ǹtì, òkúta náà fúnra rẹ̀ máa ń tú kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì jáde, tó nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù kan ohun tó bá jáde nínú iná, kí a tó ka epo tí wọ́n fi dáná. Bí wọ́n tilẹ̀ fi oòrùn sè é, òkúta á ṣì tú tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òkun ń kó sìmẹ́ǹtì wá fún wa, ìwé àwọn tó ṣe é ni èéfín rẹ̀ wà. Láti 2002 ni ìjọba ti ń ti àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n wá ṣe é nílé, wọ́n ṣe é, iṣẹ́ wà, owó wà, èéfín náà sì ṣí wálé. Kpayo lọ, sìmẹ́ǹtì bọ̀.

Igbó Omo àti ìkòkò ọbẹ̀

Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, igbó ọba Omo ti wà láti 1925, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Igi tó dúró ń fa kábọ́ọ̀nù mọ́ra. Bí a bá gé e tí a sun ún, ó ń dá a padà. Wọ́n ti gé apá kan igbó náà rí láti gbin gmelina tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà ní Iwopin, iṣẹ́ bébà náà kò sì so èso tí wọ́n retí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòkó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, oko kan lónìí, abúlé kan lọ́la. Mi ò ní dá àgbẹ̀ kòkó lẹ́bi, torí bàbá ta nínú wa ni kòkó kò rán níwèé? Òfin kan tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 ló ń bọ̀ wá bá a: kòkó tó bá hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ìparí 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú, àmọ́ ó ń bọ̀. Oníbàárà tún ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí pẹ̀lú gáàsì.

Ìdí àdògán ni mo ti rí i pé ìlànà wa ta ko ara rẹ̀ jù. A ní kí àwọn ìyá wa fi igi ìdáná sílẹ̀ kí wọ́n wá sórí gáàsì; ọ̀pọ̀ gbọ́ràn, wọ́n ra sìlíńdà. Gáàsì wọ́n, sìlíńdà di ohun tí wọ́n ń gbé igbá lé lórí, àwọn oníèédú sì padà sí igun àdúgbò. Lójú àwọn oníṣirò, ìyá yẹn ti kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn. Lójú tirẹ̀, ikọ́ ló padà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fadà lè rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí: èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ti ń hù, mẹ́tẹ́ènì rẹ̀ kò tó ti ìrẹsì inú omi. Ní ti ààtàn, mo kàn fẹ́ rán yín létí iná tó sọ ní Olúsosùn, ní Òjòta, ní oṣù kẹta 2018. Oúnjẹ tó rà lábẹ́ òkìtì láìrí afẹ́fẹ́ ló ń di mẹ́tẹ́ènì. Níbi tí ìlú bá ń tóbi tí kò sì sí ẹni tó ń ya oúnjẹ tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, ìdá 9 ti ààtàn yẹn kò ní dúró sí 9.

Ìlérí

Ní Glasgow ní oṣù kọkànlá 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú ju ohun tí a lè fà padà lọ. Oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú-ọjọ́, tó dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlérí tó sún mọ́ wa jù nínú ìwé 2021 ni ti 2030: a ní a ó dín èéfín kù ní ìdá 20 sí ibi tí ì bá dé, a ó sì dín in kù ní ìdá 47 bí àwọn olówó ayé bá ràn wá lọ́wọ́.

"Sí ibi tí ì bá dé." Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Nínú ìwé tí a kọ ní 2015, wọ́n ní bí a kò bá ṣe nǹkan kan, èéfín wa á tó nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 900 ní 2030. Nínú ti 2021, wọ́n ní á jẹ́ 453. Ìdajì ti lọ, a kò tí ì pa àdògán kan. Wọ́n tún ìṣirò ṣe ni, ètò ọrọ̀-ajé kò sì dàgbà bí wọ́n ṣe rò. Àtúnṣe yẹn tọ̀nà, mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìwé méjèèjì síra á rí i pé àwọn ìyípadà tó tóbi jù nínú ìtàn èéfín wa ló ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì akọ̀wé.

Ààrẹ ẹgbẹ́ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀bùn àjọ̀dún yìí fún ilé-ẹ̀kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì físíìsì ṣírò ohun tí èyí tó wà nílẹ̀ ń mu ní sáà kan, àti igi tí ilé ìdáná ń jó. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn yìí, oṣù lé oṣù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi owó jẹnẹrétọ̀ wé owó pánẹ́lì sólà àti bátìrì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣì borí, ẹ rà á, a ó sì mọ ìdí tí a fi rà á.